Ṣé gbogbo kúkì àti cache inú bùráúsà la máa nù, àbí ti sáìtì tó ń yọni lẹ́nu nìkan?

Ìbéèrè láti Kubwa, Àbújá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré ni mo ní nítòsí ọjà Kubwa, kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Sáìtì ìforúkọsílẹ̀ kan tí àwọn oníbàárà mi ń lò jù ti kọ̀ láti ṣí láti ọjọ́ mélòó kan. Bí mo bá ti tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, ohun tó ń kọ ni "400 Bad Request: Request Header Or Cookie Too Large". Lórí fóònù, ó ń ṣí dáadáa. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse ní kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú Chrome, ìyẹn bùráúsà tí mo fi ń ṣí sáìtì, kí n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ àràárọ̀, pé kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ náà á yára. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò, pé gbogbo páswọ́ọ̀dù mi ló máa bá a lọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

*

Àbúrò mi, àwọn méjèèjì ló ní ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn kò bá ohun tó ń ṣe ọ́ mu. Má nu gbogbo rẹ̀. Ohun tí sáìtì náà kọ sójú rẹ ti sọ ibi tí ìṣòro wà: kúkì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí sáìtì yẹn fúnra rẹ̀ ti ń kó sínú Chrome rẹ láti fi dá ọ mọ̀, ti pọ̀ ju èyí tí sáfà rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí sáìtì náà ń gbé lórí rẹ̀) gbà láti kà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí lórí fóònù, torí kúkì inú fóònù yàtọ̀ sí ti inú kọ̀ǹpútà. Kúkì sáìtì yẹn nìkan ni kó o yọ.

Ní Chrome, ṣí sáìtì náà bó ṣe wà, tòun ti àṣìṣe yẹn. Wo ibi tí àdírẹ́sì wà lókè. Àmì kékeré kan wà ní apá òsì rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, tẹ "Cookies and site data", lẹ́yìn náà tẹ "Manage on-device site data". Orúkọ sáìtì náà á jáde, àmì agbọ̀n ìdọ̀tí á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ agbọ̀n yẹn, kó o tún sáìtì náà ṣí. Bí o kò bá rí i, kọ chrome://settings/content/all síbi àdírẹ́sì, fi orúkọ sáìtì náà wá a níbẹ̀, kó o sì pa á rẹ́. Edge fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, torí láti ọdún 2020 ni Microsoft ti ń fi Chromium tó wà lábẹ́ Chrome ṣe é. Ní Firefox, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì náà ni wàá tẹ̀, wàá sì rí "Clear cookies and site data".

Bó bá tún padà ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó sáìtì náà ló kù sí. Ya àwòrán ohun tó kọ, kó o fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí bí ìwọ ṣe lè máa nu kúkì fún wọn títí ayé.

*

Àwọn òǹkàwé tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń pe kúkì àti cache ní nǹkan kan náà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u.

Sáìtì kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí o bá ṣí ojú-ewé kan, tí o tún tẹ òmíràn, lójú sáfà, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọ́. Ọdún 1994 ni Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape nígbà náà, wá ọgbọ́n kan sí i: kí sáfà fún bùráúsà ní ọ̀rọ̀ kékeré kan pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, kí bùráúsà sì máa fi hàn án nígbàkígbà tó bá padà wá. Ohun tó ń jẹ́ kúkì nìyẹn. Ó dà bí nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá tá a bá fi báàgì sílẹ̀: nọ́ńbà náà kì í ṣe báàgì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un wá ni wọ́n máa gbé báàgì fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Cache ní tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà àwòrán, irú ìkọ̀wé àti àwọn fáìlì tó ń mú sáìtì ṣiṣẹ́, tí bùráúsà tọ́jú sínú dísìkì kó má bàa tún lọ gbé wọn wá. Kò mọ̀ ọ́, kò sì mọ àkáǹtì rẹ.

Nítorí náà, bí sáìtì bá ń ní kí o wọlé, tí o wọlé tán, tó tún ní kí o wọlé, kúkì ni. Bó bá sọ pé kúkì ti pọ̀ jù, kúkì ni. Ṣùgbọ́n bí ojú-ewé bá fọ́nká, tí àwòrán àtijọ́ ń jáde, tàbí tí bọ́tìnnì kan kò dáhùn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún sáìtì náà ṣe, cache ni kẹ́ ẹ fura sí. Èyí kò sì tíì tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ nu nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl àti F5 pa pọ̀, tàbí Ctrl, Shift àti R. Ìyẹn á mú kí bùráúsà gbé ojú-ewé yẹn nìkan wá lákọ̀tun. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, àwọn tí ìyẹn nìkan ti yanjú ìṣòro wọn kò lóǹkà.

*

Ẹnì kan ní kúkì jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í sábà ju kílóbáìtì 4 lọ ẹyọ kan, kò lè dá ṣiṣẹ́, kò lè ba fáìlì jẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé olè lè jí i, torí ẹni tó bá mú nọ́ńbà yẹn wá ni wọ́n ń gbé báàgì fún. Àwọn ètò burúkú kan wà tó jẹ́ pé kúkì gan-an ni wọ́n ń wá kó. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á wọ àkáǹtì èèyàn láìmọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ayédèrú Windows àti ètò tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ wa ń gbà káàkiri, ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá wọlé.

*

Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń gbé ní Garki, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni àwọn ń nu cache àti kúkì pátá, pé ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà àwọn fi ń yára. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò gbà.

Cache wà kí sáìtì lè yára ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nù ún, gbogbo sáìtì tẹ́ ẹ bá ṣí ló máa tún gbé àwòrán àti fáìlì rẹ̀ wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa lọ́ra ju ti àná lọ, ó sì máa jẹ dátà. Ẹni tó ń ra dátà ló mọ̀ ọ́n lára. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC, tí oríléeṣẹ́ wọn wà ní Maitama níbí, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ẹni tó bá ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, bí ọ̀pọ̀ wa ní Lugbe àti Nyanya, kò yẹ kó máa sọ ohun tó ti sanwó gbé wá nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tún lọ sanwó gbé e wá.

Ìgbà kan tí mo lè bá Bàbá gbà ni bí dísìkì bá ti kún tí Windows kò rí ibi mí. Nígbà náà, ẹ nu cache, ó lè dá àyè díẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo fóńdà Downloads yín kẹ́ ẹ tó ṣe é, ibẹ̀ ni ẹrù ńlá máa ń wà.

*

Ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ó ní ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n.

Kúkì kì í ṣe páswọ́ọ̀dù. Bí o bá nu kúkì, sáìtì á ní kí o wọlé padà, páswọ́ọ̀dù tí Chrome bá ọ tọ́jú ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó ń kó páswọ́ọ̀dù lọ ni pé èèyàn tẹ Ctrl, Shift àti Delete, ó rí ọ̀wọ́ àpótí, ó sì fi àmì sí gbogbo wọn láìkà wọ́n. Bí o bá rí "Passwords and other sign-in data" láàárín wọn, yọ àmì kúrò níbẹ̀. "Autofill form data" náà, fi í sílẹ̀. Ti Firefox kò tilẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù láàárín ohun tó ń nù níbẹ̀.

Ibi tó burú sí: bí o bá ti so Chrome mọ́ àkáǹtì Google rẹ, tí sync (èyí tó ń mú kí ohun inú Chrome rẹ bára mu lórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ) sì wà lórí, páswọ́ọ̀dù tàbí history (àkọsílẹ̀ àwọn sáìtì tí o ti ṣí) tí o bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà á pa rẹ́ lórí fóònù rẹ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kì í mọ èyí títí wọ́n á fi gbé fóònù.

Àǹtí kan tó ń ránṣọ ní Sabon Tasha, Kaduna, sọ tiwọn fún wa. Kúkì nìkan ni wọ́n nù, páswọ́ọ̀dù kò sọnù lóòótọ́, torí wọn kò tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì ìtajà wọn ni wọ́n ti wọlé, kúkì ló ń gbé wọn wọlé láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n nù ún tán, sáìtì ní kí wọ́n mú páswọ́ọ̀dù wá, wọn kò rántí. Wọ́n ní kí ó fi kóòdù ránṣẹ́, ó fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà SIM tó ti sọnù tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rí àkáǹtì wọn gbà padà. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Ìmọ̀ràn tí mo lè fà yọ fún ẹlòmíràn ni pé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kúkì, ẹ kọ chrome://password-manager/passwords síbi àdírẹ́sì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọn sáìtì tẹ́ ẹ fi ń jẹun wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nínú àkáǹtì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣì ń dún.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Samaru, Zaria, béèrè pé kí ni "and other site data" tó máa ń tẹ̀ lé kúkì nínú àpótí yẹn. Ìbéèrè tó dára ni, torí ibẹ̀ ni àdánù tí kò ní àtúnṣe wà.

Àwọn sáìtì mìíràn máa ń tọ́jú iṣẹ́ gidi sínú bùráúsà, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Ìwé tí o ń kọ tí kò tíì dé sáfà, àkọsílẹ̀ ọjà tí ètò kan fi pamọ́ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Bí o bá pa á rẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ sáfà, ó lọ nìyẹn, kò sí agbọ̀n ìdọ̀tí tí o fẹ́ tú. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ilé ní Mararaba tí àkọsílẹ̀ ọjà odindi ọjọ́ kan bá bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹnì kan fẹ́ bá a mú kọ̀ǹpútà yára. Ti WhatsApp Web rọrùn ní tiẹ̀: á kàn ní kí o tún fi fóònù ya àwòrán kóòdù tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà ni.

*

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé láti Sabon Gari, Kano, ní àwọn ti nu kúkì, nu cache, yọ Chrome kúrò, tún un gbé wọlé, síbẹ̀ gbogbo sáìtì ń kọ "Your connection is not private". Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín. Bí ohun tó kọ nísàlẹ̀ àṣìṣe náà bá jẹ́ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdún tí kọ̀ǹpútà yín rò pé a wà ti kọjá tipẹ́.

Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Òun ló ń mú aago dúró nígbà tí kò bá sí iná. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni kọ̀ǹpútà máa gbàgbé ọjọ́. Ìwé ẹ̀rí tí sáìtì fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin, bùráúsà á sì rí i pé ọjọ́ òní kò bọ́ sáàárín wọn. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà. Owó kékeré ni. Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, bátìrì yìí ló máa ń wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń di ru kúkì.

*

Àwọn tó ní ìkéde "kọ̀ǹpútà rẹ ti kó fáírọ́ọ̀sì" ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà wọn, kúkì kọ́, cache kọ́. Ẹnì kan ló tẹ "Allow" lórí sáìtì kan. Ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications, kẹ́ ẹ yọ gbogbo orúkọ tẹ́ ò bá mọ̀ níbẹ̀. Ó parí.

*

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí lógún jù, tí àwọn tó ń fèsì kò sì kà sí. Àbúrò mi ti Kubwa tó béèrè, onísọ́ọ̀bù ni. Gbogbo ohun tí mo ti sọ pé kí ẹ má nù, kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò ni mo ń bá wí. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń jókòó sí yàtọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo máa ń bá wọn tún nǹkan ṣe ní Nyanya. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé síbẹ̀, ó ṣí ímeèlì láti tẹ ìwé, àpótí ímeèlì ẹlòmíràn ló ṣí fún un: lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, nọ́ńbà BVN, àwòrán páásípọ́ọ̀tù, gbogbo rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó pe onísọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ímeèlì yẹn nìkan tó láti fi yí páswọ́ọ̀dù gbogbo àkáǹtì tó kù padà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi líǹkì ìyípadà ránṣẹ́ sí.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn onísọ́ọ̀bù lórí èyí kò bára mu. Àwọn kan ní bí oníbàárà bá ti pa fèrèsé Chrome dé, ó tó. Kò tó. Ọ̀pọ̀ sáìtì máa ń fún kúkì wọn ní ọjọ́ gígùn kí èèyàn má bàa máa wọlé lójoojúmọ́. Chrome gan-an gbà kí ẹyọ kan pẹ́ tó ọjọ́ 400. Àwọn mìíràn ní àwọn ń nù ún lálẹ́. Oníbàárà àárọ̀ ń kọ́, tí oníbàárà ọ̀sán jókòó sí àga rẹ̀? Àwọn kan tún ní nínu kúkì àti títẹ "Sign out" jẹ́ bákan náà. Èyí ni mo fẹ́ ká jà sí. Bí o bá nu kúkì, o ju nọ́ńbà ọwọ́ rẹ nù, ṣùgbọ́n sáfà ṣì gbà pé nọ́ńbà náà dára. Bí ẹnì kan bá ti jí ẹ̀dà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ṣì lò ó. "Sign out" ló ń sọ fún sáfà pé nọ́ńbà yìí ti kú. Kí oníbàárà kọ́kọ́ jáde, ká tó nu ohun tó kù.

Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí fún ṣọ́ọ̀bù ni Guest. Tẹ àwòrán olórí èèyàn tó wà lókè ní apá ọ̀tún Chrome, yan Guest, kí oníbàárà ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé yẹn. Bó bá ti pa á dé, kúkì, cache àti history rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, ohun tìrẹ kò sì ní ṣe nǹkan kan. Fáìlì tó bá gbà sílẹ̀ kò ní lọ o! Ìwé NIN, èsì ìdánwò, sítétímẹ́ǹtì báńkì, inú Downloads ni wọ́n ń sùn sí. Tú ibẹ̀ dà nù bí oníbàárà bá ti ń dìde, kó o sì kó ohun inú agbọ̀n ìdọ̀tí dànù.

WhatsApp Web náà ń kọ́? Ìdajì àwọn tó ń wá tẹ̀wé ló ń fi í gbé fáìlì wá. Sọ fún wọn kí wọ́n tó dìde pé kí wọ́n ṣí "Linked devices" lórí fóònù wọn, kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà rẹ kúrò. Ẹni tó bá ti gbàgbé ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ti délé, ó lè lọ sí Security nínú àkáǹtì Google rẹ̀, kó wo "Your devices", kó jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ láti ọ̀nà jíjìn.

Òfin ti wà lórí èyí pẹ̀lú. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá ń lo ìsọfúnni ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Kò yẹ kó dìgbà tí òfin bá dé ká tó bo àṣírí ẹni tó sanwó fún wa.

*

"Kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ Incognito?" Ẹni mẹ́ta ló ti béèrè.

Incognito ni fèrèsé Chrome tí kì í tọ́jú history àti kúkì lẹ́yìn tí a bá pa á dé. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ yẹ àkáǹtì kejì wò, tàbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá kúkì ló ń dá wàhálà sílẹ̀: bí sáìtì bá ṣí nínú Incognito tó sì kọ̀ níta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kúkì, cache tàbí àfikún kan (extension, ètò kékeré tí a so mọ́ bùráúsà) ni. Fún ṣọ́ọ̀bù, Guest ni mo yàn, torí Incognito ṣì ń ríran rí páswọ́ọ̀dù àti búkúmáàkì ẹni tó ni Chrome náà. Àti pé kì í fi ẹnikẹ́ni pamọ́ fún ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ọ́fíìsì, tàbí sáìtì tí a lọ. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí èyí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, ní 2024 ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti pa àìmọye àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ rẹ́.

*

A ti yà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè ìdí tí ìpolówó bàtà fi ń tẹ̀ lé e láti sáìtì dé sáìtì. Kúkì ẹni kẹta ni: ilé iṣẹ́ ìpolówó tó ní ẹ̀ka lórí sáìtì méjèèjì ló fi í sí i. Safari ti ń dí gbogbo irú rẹ̀ láti oṣù kẹta 2020. Firefox ti ń há ti sáìtì kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè tirẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti 2022. Google ní àwọn máa yọ ọ́ kúrò nínú Chrome, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2020, wọ́n ń sún un síwájú, nígbà tó di oṣù keje 2024 wọ́n ní àwọn kò ṣe é mọ́. Ẹni tó ń lo Chrome ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ dí i nínú Settings. Mo dí i lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo bá fọwọ́ kàn, ẹ̀yin náà ẹ dí i. Bí sáìtì kan bá tìtorí rẹ̀ kọ̀, ẹ lè yọ̀ǹda fún òun nìkan.

*

Àbúrò mi ti Kubwa ti padà wá. Ó ní sáìtì náà ti ṣí lẹ́yìn tó yọ kúkì rẹ̀ nìkan, kò sì sí àkáǹtì mìíràn tó dà á síta. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń falẹ̀.

Tẹ Ctrl, Shift àti Esc, Task Manager á jáde. Wo Memory àti Disk. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí Memory rẹ̀ jẹ́ GB 4 tó ń gbé Chrome tó ṣí ogún ojú-ewé, ìròyìn, YouTube àti ìwé owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí kúkì tí a lè nù tó máa gbà á sílẹ̀. Bí Disk bá ń dúró sí 100% nígbà tí o kò ṣe nǹkan kan, tí dísìkì inú rẹ̀ sì jẹ́ irú àtijọ́ tó ń yí, SSD, ìyẹn dísìkì tí kì í yí, tó sì yára ju àtijọ́ lọ, ni kó o fi owó rẹ rà. Lẹ́yìn náà, wo àwọn àfikún tó wà ní chrome://extensions, kó o yọ gbogbo èyí tí o kò mọ ìgbà tó wọlé.

*

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Gwarinpa. Wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún ọmọ wọn ní Wuse 2. Wọ́n tan án, wọ́n sì bá orúkọ òyìnbó kan nínú Chrome, tòun ti ímeèlì rẹ̀. Wọ́n ní ṣé kí àwọn nu kúkì ni.

Ìyá mi, ẹ má fi kúkì mọ. Ẹ ò mọ ohun mìíràn tí ẹni tó ni ín tàbí ẹni tó tà á fi sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Recovery, kẹ́ ẹ tẹ "Reset this PC", kẹ́ ẹ yan "Remove everything". Á béèrè bóyá kí òun nu dísìkì náà mọ́ pẹ̀lú; inú "Change settings" lẹ máa rí i, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ so ó mọ́ iná tí kò ní lọ, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí. Kí ọmọ yín má ṣe tẹ páswọ́ọ̀dù kankan sínú rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe é tán.